Àkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ṣe idà

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní gbogbo Sátidé tí kíláàsì bá ti parí: "Mo fẹ́ ṣe idà bíi ti inú fíìmù. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?" Ìbéèrè kejì sì wà tí àwọn òbí wa máa ń bi ara wọn níta, níbi tí wọ́n ti ń dúró dè wá nínú ọkọ̀: "Kí lọmọ fẹ́ fi idà ṣe, ní Greenspoint níbí?" Àwọn kan lára wọn ti ń sọ pé kí ilé ẹ̀kọ́ wa fòfin dè é, kí ohunkóhun tó bá ti jọ idà má ṣe wọlé mọ́, ìbáà jẹ́ ti páálí.

Ìdáhùn kan náà ni mo ní fún ìbéèrè méjèèjì. Má tíì ra nǹkan kan. Má tíì gé nǹkan kan tó jọ idà. Àkọ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, àkọ̀, ilé tí idà ń gbé. Ẹni tó bá ti rán àkọ̀ idà rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ kan fóòmù, òun ni mo gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sáré lọ ra idà oníbátìrì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ló ná, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú idà tí mò ń wí. Mi ò sọ̀rọ̀ idà irin o. Òfin Texas pàápàá kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 máa gbé ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ gùn ju ínṣì 5.5 kiri ìta láìsí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Idà eré ni mò ń sọ, àwọn idà inú fíìmù àti géèmù sáyẹ́ǹsì: idà ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lightsaber nínú Star Wars, bat'leth àwọn Klingon nínú Star Trek, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, èyí tí Dan Curry ya àwòrán rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1990, àti idà gbàǹgbà tí Cloud máa ń gbé sẹ́yìn nínú Final Fantasy VII, géèmù tó jáde ní 1997. Fóòmù, páálí, igi àti páìpù ike la fi ń ṣe wọ́n. Wọn kì í gé ẹran, wọn kì í gé iṣu. Ẹwà wọn wà nínú wíwò, àti nínú mímọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ lo fi ṣe é.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe idà ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́? Àlòkù ni. Nígbà tí wọ́n ń múra fíìmù Star Wars tó jáde ní 1977, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ohun èlò kò pọ̀. Roger Christian, tó wà lára wọn, wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní London tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà, ó sì rí àwọn ọwọ́ iná kámẹ́rà àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Graflex ti Amẹ́ríkà ṣe. Irin dídán ni, gígùn rẹ̀ sì ba ọwọ́ mu. Ó lẹ ọ̀já rọ́bà dúdú mọ́ ọn kí ọwọ́ lè dì í mú, ó wá yọ ike tó wà lójú ẹ̀rọ ìṣirò kan, ó fi há ibi tí wọ́n ti ń dè é. Ẹ̀rọ ìṣirò yẹn, Texas Instruments ló ṣe é, ilé iṣẹ́ tó wà ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ wa níbí.

Ojú idà náà ńkọ́? Igi ni. Wọ́n wé ohun kan tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́ ọn lára, irú èyí tó máa ń tàn lára pátákó ojú títì tí iná mọ́tò bá kàn án. Mọ́tò kékeré kan ń yí igi náà, àwọn ayàwòrán sì kun ìmọ́lẹ̀ lé e lórí lẹ́yìn tí wọ́n ya fíìmù tán. Idà ti Obi-Wan tún wá pa ni lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ: páìpù ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú wà lára rẹ̀, ara bọ́ǹbù ogun àtijọ́ wà lára rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ omi tí à ń yí láti fọwọ́ náà wà lára rẹ̀! Ní 1978, wọ́n fún àwọn tó ṣètò ohun èlò àti ibùdó fíìmù yẹn ní ẹ̀bùn Oscar, Roger Christian sì wà lára àwọn tó gbà á.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ojú ló ṣáájú owó. Ọkùnrin yẹn ti mọ ohun tó ń wá, bó ṣe máa gùn tó àti bó ṣe máa rí lọ́wọ́, kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ohun tó ń wá, gbogbo ohun tó bá rí lórí àtẹ ló máa rà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan Houston wa gan-an. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé idà ìmọ́lẹ̀ tí Mark Hamill lò nínú Return of the Jedi láti California wá sí Houston. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó bá ọkọ̀ Discovery gòkè lọ sí gbalasa ojú ọ̀run, láti fi ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún tí fíìmù àkọ́kọ́ jáde. Idà eré, tí kò lè gé búrẹ́dì, ló lọ yí ayé ká bẹ́ẹ̀! Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan: kò sẹ́ni tó ń fì í lọ́wọ́ wọ ọkọ̀. Inú ẹrù ni wọ́n dì í sí, títí tó fi débi tó ń lọ. Bí idà tó lọ sójú ọ̀run bá lè gbé inú àpò, tèmi àti tìrẹ náà lè gbé e láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ wá lè ní, "Ṣé ti Yorùbá nìyí?" Ó dáa. Ta ló sọ pé idà tí kì í gé nǹkan ṣàjèjì sí Yorùbá? Oṣé Ṣàngó, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ó jọ àáké olójú méjì, wọ́n sì máa ń gbé e jó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi la igi ìdáná. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń fi eyín erin ṣe idà oyè tí àwọn ìjòyè máa ń fi há ìbàdí. Samuel Johnson náà kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé wọ́n máa ń gbé idà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá lé Aláàfin tuntun lọ́wọ́, àti pé láìṣe bẹ́ẹ̀, ọba kò ní àṣẹ láti ní kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bọ òrìṣà o, kí Mọ́mì yín má bàa pè mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé idà lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó gé ẹnikẹ́ni. Ó lè sọ ipò, ó lè sọ ìtàn, ó sì lè sọ pé oníṣẹ́ ọnà kan wà ní ìlú yìí.

Bàbá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí idà mi lórí WhatsApp. Wọn ò bi mí pé fíìmù wo ni. Wọ́n ní, "Èèkù rẹ̀ nìyẹn? Ó dáa. Àkọ̀ rẹ̀ wá dà?" Bí mo ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Èèkù ni ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Àkọ̀ ni ilé idà. Wọ́n tún fi òwe kan kún un: bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Èmi gbọ́ ọ sí pé ohun gbogbo ní ètò tirẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣáájú, òmíràn á tẹ̀ lé e. Ní Greenspoint, àkọ̀ ló ṣáájú nínú ètò yẹn. Ìdí mẹ́ta ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àkọ̀ máa fipá mú ẹ láti wọn nǹkan. O ò lè rán àpò fún ohun tí o kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ká ní idà tí o fẹ́ ṣe máa gùn ní ínṣì 36, tó máa fẹ̀ ní ínṣì 4, tó sì máa nípọn ní ínṣì 1. Aṣọ tó máa yí i ká gbọ́dọ̀ tó ínṣì 10: iwájú 4, ẹ̀yìn 4, ẹ̀gbẹ́ kan 1, ẹ̀gbẹ́ kejì 1. Fi 2 kún un kó má bàa fún jù, kí o sì fi 1 sílẹ̀ fún ojú rírán. Ó di 13. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 36. Fi 4 kún un fún ìdí àpò àti fún ẹnu tí okùn máa gbà kọjá. Ó di 40. Ká aṣọ náà sí méjì ní òòró, kí inú rẹ̀ wà níta, rán ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀, yí i padà, ṣẹ́ ẹnu rẹ̀, ki okùn bọ̀ ọ́. Ó parí. Àjákù àǹkárá tí télọ̀ Mọ́mì kó padà tó iṣẹ́ yẹn. Bí aṣọ náà bá ní àwọ̀ tó tàn, tó ní òdòdó ńláńlá, ó tún dára jù. Tí mo bá sọ ìdí kẹta, ẹ máa rí ohun tí mo ní lọ́kàn.

Ìdí kejì ni pé abẹ́rẹ́ àti òwú kò wọ́n, wọ́n sì máa ń kọ́ ọwọ́ ní sùúrù. Ẹni tó bá lè rán ojú kan tó gún régé fún ínṣì 40 ti ní sùúrù tí ọ̀bẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Tí ìránṣọ bá wọ́, a lè tú u. Tí fóòmù bá gé wọ́, ó ti gé nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Lẹ́yìn àkọ̀ ni idà. Ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, má ṣe é ní kékeré. Gbé ìwé náà lé orí páálí, gé e, kí o sì dì í mú. Ṣé èèkù rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ méjèèjì? Ṣé ó ga ju ìgbáròkó rẹ lọ? Ṣé ó wọ àkọ̀? Páálí kì í tan èèyàn jẹ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yìn gbogbo ilé ìtajà lẹ ti lè rí i. Ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ wọn. Tó o bá lẹ páálí mẹ́ta pọ̀, tó o jẹ́ kí ilà inú ọ̀kan dábùú ti èkejì, kò ní tẹ̀. Kun ún, ó ti di idà. Àwọn kan máa dúró síbẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, kó wá ẹní fóòmù tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ ní ibi ìdárayá, àwọn onígun mẹ́rin tó máa ń wọnú ara wọn. Gé ojú idà méjì tó dọ́gba lára fóòmù tó nípọn ní ìdajì ínṣì. Wá igi róbótó tí òun náà nípọn ní ìdajì ínṣì, gbẹ́ ojú ọ̀nà fún un láàárín fóòmù méjèèjì, kí igi náà lè sùn sínú wọn bí egungun. Gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà la fi ń lẹ̀ ẹ́. Fi pa ojú méjèèjì, má lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Dúró kó gbẹ díẹ̀, kó má lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí o tó pa wọ́n dé. Tó bá ti gbá mú, ó ti gbá mú nìyẹn. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, torí náà ìta gbangba ni ká ti lò ó, kì í ṣe inú yàrá tí wọ́n ti tan ẹ́síì tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Ọ̀bẹ tó mú ló dára jù, kì í ṣe èyí tó kú. Ọ̀bẹ tó kú á jẹ́ kí o fi agbára tì í, ibi tó bá ti yọ̀ ló ti máa rí ọwọ́ ẹ. Lo rúlà onírin, fa ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́jẹ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, má sì jẹ́ kí ọwọ́ kejì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Òun náà ló máa di ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná mú, torí kí ọ̀dà tó kan fóòmù, a máa ń fi ooru rà á títí ojú rẹ̀ á fi dán díẹ̀. Tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fóòmù á mu ọ̀dà bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi. Ẹ má sì fi ọ̀dà alágolo kun nǹkan ní ọjọ́ tí òjò Houston bá ń ṣú; kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Ti idà ìmọ́lẹ̀ tún rọrùn ju gbogbo wọn lọ. Páìpù omi PVC tí wọ́n ń pè ní ti ínṣì 1, inú rẹ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ ju ínṣì 1 lọ. Ọ̀pá ike tó mọ́lẹ̀ kedere tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò, ìta rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1 gan-an. Torí náà, ọ̀kan máa ń wọnú èkejì. Páìpù yẹn ni èèkù, ọ̀pá yẹn ni ojú idà. Fi rọ́bà àti ìdérí ìgò ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, kí o rántí ẹ̀rọ ìṣirò Texas. Owó tó jáde lápò mi lórí tèmi kò tó dọ́là 20. Tí o bá fẹ́ lọ, o kàn máa yọ ojú rẹ̀ kúrò lára èèkù ni, o kó méjèèjì sínú àkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo ti fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀, torí ìdí kẹta nìyí, òun ló sì wúwo jù. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí wa kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Gbogbo wa la mọ orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ará Houston fi àdúgbò wa ṣe, tí wọ́n yí Greenspoint padà sí "Gunspoint". Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ní ìlú Saratoga Springs ní ìpínlẹ̀ Utah, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 22. Idà àfarawé ti ilẹ̀ Japan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní ó gbé e sí àwọn. Ìjọba kò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní Cleveland, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ ọdún 12 kan tó ń fi ìbọn ìṣeré ṣeré ní ọgbà ìgbafẹ́. Ọmọ dúdú ni òun náà.

Mi ò kọ èyí láti dẹ́rù ba àwọn àbúrò wa tó ń ka ìwé yìí. Mo kọ ọ́ torí pé òótọ́ ni, àwọn òbí wa sì mọ̀ ọ́n. Kò dáa, kò tọ́, pé ohun ìṣeré tó wà lọ́wọ́ ọmọ kan jẹ́ ohun ìṣeré, kó wá di nǹkan mìíràn tó bá dé ọwọ́ ọmọ dúdú. Ojúṣe àwọn àgbà ni láti tún ìyẹn ṣe. Àmọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe tán, ojúṣe tiwa ni pé ká délé láyọ̀ ní gbogbo ọjọ́.

Òfin tèmi nìyí, mo sì fẹ́ kó di ti gbogbo wa. Idà kì í jáde nínú àkọ̀ láàárín ilé ẹ àti ibi tó ń lọ: kì í ṣe níbi ìgbọ́kọ̀sí, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀sì METRO, kì í ṣe létí Greens Bayou ní ìrọ̀lẹ́. Idà kì í wọ iléèwé ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì rárá, àfi tí olùkọ́ bá kọ̀wé pé kí o gbé e wá. Kun ojú idà ní àwọ̀ tí irin kì í ní: pọ́pù, ọsàn, àwọ̀ ewé tó tàn. Má kun ún ní àwọ̀ fàdákà, bó ti wù kó jọ ti inú fíìmù tó. Tí ọlọ́pàá tàbí àgbàlagbà kankan bá bi ẹ́ léèrè, má ṣe fà á yọ láti fi hàn án. Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ wà lófìfo, kí wọ́n máa rí i, kí o fi ẹnu sọ ọ́: "Ohun eré ni, ó wà nínú àpò." Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ àǹkárá olódòdó. Àpò dúdú gbọọrọ léjìká ọmọ kan lè mú kí èèyàn ro nǹkan burúkú. Àpò àǹkárá olódòdó ń sọ pé ọmọ kan ń lọ síbi ayẹyẹ.

Ibi tí idà ti lè jáde náà wà. Ní Comicpalooza, àpéjọ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ìlú Houston, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń múra bí àwọn tó wà nínú fíìmù. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ máa ń yẹ ohun eré wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Nínú ilé ẹ, nínú àgbàlá ẹ, lórí pèpéle ní ọjọ́ àṣà wa, ibẹ̀ ni kí idà ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé, "Èwo ni ti páálí àti abẹ́rẹ́? Ẹ̀rọ 3D printer wà báyìí. O kàn máa tẹ nǹkan, á tẹ idà jáde." Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà dáa, àwọn ibi kan sì wà ní Houston tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń lò ó, bíi TXRX Labs ní East End. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi náà máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn máa béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹ kó tó ṣe ohunkóhun, ẹni tí kò wọn nǹkan rí á kàn mú ìwọ̀n ẹlòmíràn ni. Ohun tó bá tẹ̀ jáde náà ṣì máa nílò sáńpépà, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà tí à ń sá fún. Páálí kì í ṣe eré nọ́sìrì. Òun ni kíláàsì àkọ́kọ́.

Mo wá fẹ́ bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòfin dè é. Tí ẹ bá ní kí idà páálí má wọ ilé ẹ̀kọ́, kò ní tán nílẹ̀. Àwọn ọmọ á ra ti irin tàbí ti ike fàdákà ní kọ̀rọ̀, wọn ò sì ní rí ẹni tó máa sọ fún wọn ibi tí kò yẹ kó jáde sí. Ẹ fún wa ní Sátidé méjì péré nínú sáà tó ń bọ̀, wákàtí kan lẹ́yìn kíláàsì, tábìlì mẹ́ta àti àgbàlagbà méjì. Sátidé àkọ́kọ́, àkọ̀ nìkan la máa rán, kò sí ọ̀bẹ kankan lórí tábìlì. Ẹni tí kò bá parí àkọ̀ rẹ̀ kò ní gé páálí ní Sátidé kejì. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ yẹ àkọ̀ náà wò, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.

Yorùbá nìkan la máa sọ nídìí tábìlì yẹn. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ yìí: wọ̀n, gé, ṣẹ́, ká, rán, tú, lẹ̀, gbẹ́, kùn; òòró àti ìbú; èèkù, àkọ̀, ojú, ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú wa ti ka ìwé Yorùbá fún ọdún mẹ́rin, a ò sì lè fi ṣàlàyé bí a ṣe ń rán àpò. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ bá kọ́, orí kì í gbàgbé rẹ̀ kíá. Bàbá àgbà tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ á gbọ́ wa yé, àwa náà á sì gbọ́ wọn yé.

Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí a bá gbé idà kiri ìta láìsí àkọ̀, ilé ara wa là ń wó. Ọ̀kan nínú wa péré ló máa ṣe é, gbogbo wa la sì máa pàdánù tábìlì yẹn. Torí náà, lọ bá Mọ́mì ní alẹ́ òní, béèrè àjákù àǹkárá, ínṣì 40 ní gígùn, ínṣì 13 ní fífẹ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe, sọ òótọ́ fún wọn.